Mánéèjì Kì í Ṣe Àtúnṣe

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá sí ojúewé yìí kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni nínú yín. Ọ̀rọ̀ mánéèjì ni. Bíréèkì ọkọ̀ kò mú dáadáa mọ́, wọ́n ní kí dírẹ́bà máa tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì kó tó dúró. Ẹ̀rọ tó yẹ kó dúró fúnra rẹ̀ nígbà tí a bá ṣí ìdérí rẹ̀ kò dúró mọ́, wọ́n ní kí a ṣáà máa ṣọ́ra. Ọjọ́ kan di ọ̀sẹ̀ kan, ọ̀sẹ̀ di oṣù, oṣù di ọdún. Ohun tí wọ́n ní kí a fi ọjọ́ méjì fara dà ti wá di bí iṣẹ́ ṣe rí.

Èrò tèmi ni pé mánéèjì kì í ṣe àtúnṣe. Ẹni tó bá ń fi ọgbọ́n orí rẹ̀ àti agbára apá rẹ̀ bo àbùkù ẹ̀rọ, iṣẹ́ ló ń ṣe. Ó yẹ kí a kọ iṣẹ́ náà sílẹ̀, kí a sì mọ ẹni tó jẹ gbèsè rẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má bàa sọ pé àròyé òṣìṣẹ́ lásán nìyí, ibi tí ẹ kò rò ni n ó ti mú àpẹẹrẹ wá. Inú kọ̀ǹpútà ni.

DÍRẸ́BÀ TÍ KÌ Í JÓKÒÓ SÍNÚ ỌKỌ̀

Nínú kọ̀ǹpútà tó wà ní ọ́fíìsì owó-oṣù, nínú èyí tó ń já tíkẹ́ẹ̀tì ní ibùdókọ̀, nínú èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òṣùwọ̀n tí a fi ń wọn ọkọ̀ akẹ́rù ní ẹnu géètì, ohun pẹlẹbẹ kan wà tí kọ̀ǹpútà fi ń bá kọ̀ǹpútà ẹgbẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Káàdì nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ni wọ́n ń pè é. Iṣẹ́ rẹ̀ kò yàtọ̀ sí ti páàkì ọkọ̀. Wọ́n á di ọ̀rọ̀ ní ìdì-ìdì, káàdì á kó o jáde sójú wáyà, á sì gba èyí tó ń bọ̀ wọlé. Ṣùgbọ́n káàdì náà kò lè dá nǹkan kan ṣe. Ètò kan wà tí àwọn onímọ̀ kọ sínú kọ̀ǹpútà láti máa pàṣẹ fún un pé, "Gbé èyí, dúró, mú ìyẹn wá." Ẹ gbọ́ orúkọ tí wọ́n sọ ètò náà: dírẹ́bà. Bẹ́ẹ̀ ni, dírẹ́bà, bíi tiwa gan-an.

Bí dírẹ́bà ọkọ̀ ṣe ń bá ọkọ̀ tí wọ́n fún un yí i, bẹ́ẹ̀ náà ni dírẹ́bà kọ̀ǹpútà ń bá káàdì tí wọ́n fún un yí i. Bí káàdì bá gbé àbùkù jáde láti ilé-iṣẹ́ tó ti wá, kò sí ẹni tó lè tú u palẹ̀ kó tún un rọ. Wọ́n ti tà á, ó ti tàn káàkiri ayé. Ẹni tó ń kọ dírẹ́bà ni wọn yóò kọjú sí pé kó wá ọgbọ́n dá sí i.

Ẹ jẹ́ kí n mú ọ̀kan tí àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà mọ̀ bí ẹni mowó. Ilé-iṣẹ́ Realtek ní Taiwan ṣe ẹ̀rọ kékeré kan tí a ń pè ní RTL8139. Ní nǹkan bí ìparí ọ̀rúndún ogún sí ìbẹ̀rẹ̀ èyí tí a wà yìí, inú àìmọye káàdì nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ló wà. Olówó pọ́ọ́kú ni, ìyẹn ló jẹ́ kó tàn. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó ń lọ lẹ́yìn owó pọ́ọ́kú náà. Káàdì tó pé máa ń fúnra rẹ̀ lọ gbé ìdì ọ̀rọ̀ níbi tó bá wà nínú ibi ìrántí kọ̀ǹpútà. RTL8139 kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Àfi kí gbogbo ìdì náà wà lójú kan, kó sì bẹ̀rẹ̀ ní ojú àmì tí a pín ní báìtì mẹ́rin-mẹ́rin. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, dírẹ́bà ní láti fi ọpọlọ kọ̀ǹpútà da ìdì náà kọ síbi tí káàdì fẹ́ kí ó tó lè gbé e. Èyí tó ń bọ̀ wọlé ńkọ́? Ojú kan ṣoṣo ni káàdì ń tò wọ́n jọ sí, bí ẹni ń da omi sínú àgbá, dírẹ́bà ni yóò tún máa bù wọ́n jáde lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ó dà bí ọkọ̀ akẹ́rù tí kò lè gba ẹrù àfi bí wọ́n bá kọ́kọ́ gbé ẹrù náà sórí pèpéle gíga. Owó ọkọ̀ náà kéré lóòótọ́, ẹni tó rà á sì lè máa yangàn pé òun ra ọjà ọ̀pọ̀. Ṣùgbọ́n àwọn alábàárù ló ń gbé ẹrù gun pèpéle láàárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́. Ọ̀gá náà kò tíì sanwó ọkọ̀ rẹ̀ tán. Ẹ̀yìn alábàárù ló ń san ìyókù.

IBI TÍ A TI Ń BO Ọ̀KAN, ÒMÍRÀN Á ṢÍ

Òfin kan tún wà lójú wáyà tí wọ́n ń pè ní Ethernet. Ìdì tí kò bá tó báìtì 64 kò gbọdọ̀ gba ibẹ̀ kọjá. Bí ọ̀rọ̀ bá kúrú, a gbọ́dọ̀ fi nǹkan kún un kí ó tó pé. Àwọn káàdì kan ń fúnra wọn kún un. RTL8139 kì í kún un, dírẹ́bà ni yóò bá a ṣe é. Iṣẹ́ kékeré ni, àbí?

Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2003, Ofir Arkin àti Josh Anderson, tí wọ́n ń bá ilé-iṣẹ́ @stake ṣiṣẹ́ nígbà náà, gbé ìwádìí kan jáde. Wọ́n fi hàn pé ọ̀pọ̀ dírẹ́bà káàdì nẹ́tíwọ̀ọ̀kì, dípò kí wọ́n fi òdo kún ìdì tó kúrú, ohunkóhun tí ọwọ́ wọn bá bà nínú ibi ìrántí ni wọ́n ń fi kún un. Ohun tí ọwọ́ bá bà yìí sì lè jẹ́ àjẹkù ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn tó kọjá níbẹ̀ láìpẹ́. Báyìí ni ọ̀rọ̀ àṣírí ṣe ń jò lọ sọ́dọ̀ àjèjì, díẹ̀díẹ̀, láìsí ẹni tó mọ̀. EtherLeak ni wọ́n pe àbùkù náà. Kò sí ẹni tó gbèrò ibi níbẹ̀. Àìpé káàdì ni wọ́n ń dí, ọwọ́ yá jù níbi tí wọ́n ti ń dí i, ihò mìíràn sì ṣí.

Ẹ̀yin mẹkáníìkì wa, ṣé ẹ kò mọ èyí? Ẹni tó so wáyà mọ́ ara wọn kí ọkọ̀ lè ṣáà délé, ṣé kò mọ̀ pé wáyà kan náà lè dáná sun ọkọ̀ lọ́jọ́ kejì? Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Ọgbọ́n tí a fi yí àbùkù kan gbọ́dọ̀ gba àyẹ̀wò bíi ti àbùkù náà fúnra rẹ̀.

WỌ́N KỌ Ọ́ SÍLẸ̀

Síbẹ̀, ohun kan wà tí àwọn tó ń kọ dírẹ́bà kọ̀ǹpútà ń ṣe tó yẹ kí a kọ́ lára wọn. Wọ́n ń kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ gbé ètò Linux yẹ̀ wò, èyí tí Linus Torvalds bẹ̀rẹ̀ ní Finland ní ọdún 1991, tí gbogbo ayé sì lè ka ohun tí wọ́n kọ sínú rẹ̀. Ẹ ó rí dírẹ́bà káàdì nẹ́tíwọ̀ọ̀kì púpọ̀ níbẹ̀. Níbi tí ẹni tó kọ ọ́ bá ti yẹ àbùkù ẹ̀rọ sílẹ̀, ó sábà máa ń kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pé irú ẹ̀rọ báyìí, irú ẹ̀dà báyìí, ló ń ṣe báyìí, ìdí nìyí tí mo fi kọ ìlà yìí, kí ẹnikẹ́ni má ṣe yọ ọ́. Ẹni tó bá gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá yóò kà á, yóò sì mọ ibi tí kòtò wà. Àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá bíi Intel pàápàá ń tẹ ìwé àbùkù jáde. Wọ́n á to àbùkù ẹ̀rọ wọn ní nọ́ńbà-nọ́ńbà, wọ́n á sọ ọ̀nà tí a lè gbà yẹ̀ ẹ́, wọ́n á sì sọ bóyá àwọn yóò tún un ṣe nínú èyí tó ń bọ̀.

Nílé-iṣẹ́ tiwa ńkọ́? Níbo ni àkọsílẹ̀ wà? Inú orí Bàbá tó ti wà nídìí ẹ̀rọ náà láti ogún ọdún ni. Bàbá mọ̀ pé bí ẹ̀rọ bá gbọ̀n lẹ́ẹ̀kẹta, kí a yọwọ́. Lọ́jọ́ tí Bàbá bá fẹ̀yìn tì, ọmọ tuntun tí wọ́n gbà ní kásúà lánàá yóò bọ́ sídìí ẹ̀rọ náà, kò ní mọ ohun tí ìgbọ̀nrìrì ẹlẹ́ẹ̀kẹta túmọ̀ sí. Bí ìka rẹ̀ bá lọ, wọn á ní ọmọ náà kò fara balẹ̀. Nígbà tí kò sí àkọsílẹ̀, òṣìṣẹ́ ni ẹ̀bi máa ń bá, nítorí ẹ̀rọ kò lẹ́nu.

TA NI Ó Ń SANWÓ RẸ̀?

Ní nǹkan bí ọdún 2020, àbùkù hàn lára káàdì nẹ́tíwọ̀ọ̀kì Intel kan tí wọ́n ń pè ní I225. Wọ́n tà á pé yóò máa sáré gígábíìtì 2.5 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Àlàfo tó yẹ kó wà láàárín ìdì kan àti èkejì ni kò pé, nípa bẹ́ẹ̀ ìdì ń sọnù bí ó bá pàdé àwọn ẹ̀rọ kan. Ọgbọ́n tí wọ́n fi yí i ni pé kí a dín eré rẹ̀ kù sí gígábíìtì 1, títí wọ́n fi gbé ẹ̀dà tuntun jáde. Ó ṣiṣẹ́ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó sanwó 2.5, 1 ló ń lò. Ta ni ó gbé ìyàtọ̀ rẹ̀ mì? Ẹni tó ra ọjà ni.

Ẹ wá fi èyí wé ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ọdún 1994. Thomas Nicely, olùkọ́ ìṣirò ní Lynchburg College ní ìpínlẹ̀ Virginia, Amẹ́ríkà, rí i pé Pentium, tó jẹ́ ọpọlọ kọ̀ǹpútà tí Intel ṣe, ń ṣi ìṣirò pípín ṣe nígbà mìíràn. Intel kọ́kọ́ ní ẹni tó bá lè fi hàn pé iṣẹ́ òun nílò rẹ̀ nìkan ni àwọn yóò pààrọ̀ rẹ̀ fún. Àwọn onímọ̀ ti ń wá ọgbọ́n tí ètò kọ̀ǹpútà yóò fi yẹ àbùkù náà. Bí ó bá ṣe pé wọ́n fi mọ síbẹ̀, ọ̀rọ̀ ìbá ti tán. Ṣùgbọ́n ẹ̀rí wà nílẹ̀ tí ẹnikẹ́ni lè fúnra rẹ̀ dán wò, àwọn ènìyàn kò sì dákẹ́. Ní ọjọ́ 20 oṣù Kejìlá ọdún náà, Intel gbà láti pààrọ̀ rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni tó bá béèrè. Mílíọ̀nù 475 dọ́là ni wọ́n kọ sílẹ̀ pé ó ná wọn.

Ìyàtọ̀ tó wà láàárín ọ̀rọ̀ méjèèjì kò ṣòro rí. Kì í ṣe àánú ló mú Intel sanwó ní 1994. Ẹ̀rí tó wà ní gbangba àti ohùn ọ̀pọ̀ ènìyàn ló mú un san. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́.

NÍGBÀ TÍ WỌ́N FI MÁNÉÈJÌ PAMỌ́

Ẹ̀yin onímọ́tò, ẹ gbọ́ èyí, nítorí ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ni. Boeing fẹ́ fi ẹ́ńjìnnì tuntun tó tóbi sára ọkọ̀ òfuurufú 737, irú èyí tó kọ́kọ́ fò ní ọdún 1967. Ẹ́ńjìnnì náà tóbi débi pé wọ́n ní láti sún un síwájú, kí wọ́n sì gbé e ga sí i. Nítorí bẹ́ẹ̀, nígbà mìíràn imú ọkọ̀ lè fẹ́ máa gbéra sókè ju bó ṣe yẹ lọ. Wọn kò tún ara ọkọ̀ náà yà. Ètò kọ̀ǹpútà kan tí wọ́n ń pè ní MCAS ni wọ́n kọ, kí ó máa ti imú ọkọ̀ sílẹ̀. Ohun èlò méjì ló wà lára ọkọ̀ tó ń wọn ìdúró rẹ̀ nínú afẹ́fẹ́, ṣùgbọ́n ọ̀kan ṣoṣo ni MCAS ń gbọ́ tirẹ̀. Ẹyẹ kì í sì í fi apá kan fò. Èyí tó burú jù ni pé wọn kò dárúkọ MCAS nínú ìwé ìlànà tí wọ́n fún àwọn tó ń wa ọkọ̀ náà.

Ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹwàá ọdún 2018, ọkọ̀ Lion Air já sínú òkun ní Indonesia, ènìyàn 189 kú. Ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹta ọdún 2019, ti Ethiopian Airlines já nítòsí Addis Ababa, ènìyàn 157 kú. Ọmọ wa Pius Adesanmi, ọ̀jọ̀gbọ́n àti òǹkọ̀wé, ọmọ bíbí Isanlu ní ìpínlẹ̀ Kogi, wà nínú ọkọ̀ kejì yìí. Àpapọ̀ ẹ̀mí tó lọ jẹ́ 346. Àwọn awakọ̀ ọkọ̀ àkọ́kọ́ ń bá ohun tí wọn kò mọ̀ jà, nítorí pé ẹni tó dá ọgbọ́n náà kò fẹ́ kó di ọ̀rọ̀ gígùn. Ó yẹ kí gbogbo dírẹ́bà tí wọ́n ń fún ní kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ ní ìdájí rántí wọn.

Ẹ̀YIN TÍ Ẹ NÍ Ọ̀NÀ MÌÍRÀN KÒ SÍ

Mo mọ ohun tí àwọn kan yóò sọ. Wọn á ní spia-páàtì ti wọ́n, dọ́là ti gbówó lórí, bí a bá ní a kò mánéèjì, ilé-iṣẹ́ á tì, gbogbo wa á sì délé. Òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ náà, mi ò sì ní fi ọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn. Àwọn tó ń kọ dírẹ́bà kọ̀ǹpútà gan-an mọ̀ pé káàdì tí wọ́n ti tà kò ṣeé pè padà. Bí wọn kò bá dọ́gbọ́n sí i, kò ní ṣiṣẹ́ rárá. Nítorí náà n kò sọ pé kí a má ṣe dọ́gbọ́n. Ohun tí mo sọ ni pé kí a má ṣe fi ọgbọ́n náà pamọ́, kí a má ṣe sọ ọ́ di ọ̀fẹ́, kí a má sì ṣe jẹ́ kó di ayérayé.

Àwa náà sì ní ẹjọ́ tiwa. A fẹ́ràn kí wọ́n máa yìn wá. Bí ọ̀gá bá sọ pé, "Lágbájá nìkan ló mọ bí wọ́n ṣe ń bá ẹ̀rọ yẹn ṣe é," orí Lágbájá á wú, kò ní fi ọgbọ́n náà han ẹnikẹ́ni. Kò mọ̀ pé ìyìn yẹn ni wọ́n fi ń sanwó àtúnṣe tí wọn kò ṣe. Ìyìn kì í ra gààrí.

Òfin pàápàá kò dákẹ́. Òfin ilé-iṣẹ́ ti Nàìjíríà ti ọdún 1987 sọ pé kí wọ́n fi ohun ààbò yí ibi eléwu lára ẹ̀rọ ká. Àdéhùn 155 ti àjọ òṣìṣẹ́ àgbáyé, tí wọ́n ṣe ní ọdún 1981, tí Nàìjíríà sì fọwọ́ sí ní 1994, sọ nínú abala 13 pé òṣìṣẹ́ tó bá yẹra fún iṣẹ́ nítorí ó ní ìdí gúnmọ́ láti gbà pé ewu ńlá wà nílẹ̀ fún ẹ̀mí tàbí ìlera rẹ̀, wọ́n gbọ́dọ̀ dáàbò bò ó kí wọ́n má baà fìyà jẹ ẹ́. Ẹ kò ní láti bẹ ẹnikẹ́ni fún èyí.

OHUN TÍ MO FẸ́ KÍ Ẹ̀KA WA ṢE

Mo ń gbé àbá márùn-ún yìí síwájú ìpàdé gbogbogbòò tó ń bọ̀.

Èkíní, kí ìwé àbùkù wà ní gbogbo ṣọ́ọ̀bù àti ní gbogbo gáràájì. Kí a kọ ọjọ́, nọ́ńbà ẹ̀rọ tàbí ti ọkọ̀, àbùkù rẹ̀, bí a ṣe ń mánéèjì rẹ̀, àti orúkọ ọ̀gá tí a sọ fún. Kí ẹ̀dà kan wà lọ́wọ́ ọ̀gá, kí èkejì wà lọ́wọ́ ẹgbẹ́.

Èkejì, kí gbogbo mánéèjì ní ọjọ́ tí yóò parí. Bí ọjọ́ náà bá kọjá, kí ẹ̀rọ dúró títí ìhà méjèèjì yóò fi jókòó sọ̀rọ̀.

Ẹ̀kẹta, kí ẹnikẹ́ni má ṣe bọ́ sídìí ẹ̀rọ tàbí ìdí ọkọ̀ tí a ń mánéèjì láìjẹ́ pé wọ́n ti ka ohun tó wà nínú ìwé náà fún un. Ìbáà jẹ́ kásúà, ìbáà jẹ́ ọmọ iṣẹ́.

Ẹ̀kẹrin, wákàtí tí àbùkù ẹ̀rọ bá jẹ, kí wọ́n má ṣe yọ ọ́ nínú owó òṣìṣẹ́. Agbára tí a fi ń ṣe ohun tí ẹ̀rọ yẹ kó ṣe, kí ó wọ inú ìṣirò nígbà tí a bá ń bá wọn dúnàádúrà.

Ẹ̀karùn-ún, bíréèkì, táyà, iná ọkọ̀ àti ìdérí ààbò kò sí nínú ohun tí a ń mánéèjì. Lórí àwọn wọ̀nyí, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló wà: kí wọ́n tún un ṣe kó tó jáde. A kì í fi ètè sílẹ̀ pa làpálàpá.

Kò sí èyí tó le nínú wọn. Kálámù àti ìwé la nílò láti bẹ̀rẹ̀, pẹ̀lú ìgboyà láti fi orúkọ ọ̀gá sí i. Ẹni kan tó bá kọ ọ́, wọ́n lè sọ pé aláròyé ni. Bí gbogbo ṣọ́ọ̀bù bá kọ ọ́, ó ti di ẹ̀rí nìyẹn. Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó wá. Ẹ mú ọ̀rọ̀ yìí wá sí ìpàdé, kí ẹ sì mú àkọsílẹ̀ àbùkù ẹ̀rọ tiyín dání. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà.